Sùnmọ́nù Àkànó àti Ìrẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Rédíò Igbó-Ọ̀wàwà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tí etí yín kì í kọ ọ̀rọ̀ ọlá, kí ẹ gbọ́ ìròyìn Sùnmọ́nù Àkànó, ọmọ Ọdẹ́yalé, ọmọ Bùsàrí a-fi-rédíò-ṣe-àlejò-pàtàkì, ọmọ ọmọ Àjàní ọdẹ, ẹni tó fi ogójì ọdún wọ igbó tí kò sí ẹranko kan ṣoṣo nínú igbó náà tó lè sọ pé òun sá fún un rí. Àjàní yìí, baba ńlá akọni wa, bí ìbọn rẹ̀ bá dún, ilẹ̀ a mì tìtì, ewé a máa já bọ́, ẹfọ̀n a gbórí sókè wò ó, a sì tún tẹrí ba máa jẹko rẹ̀ lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan ni ó pa láyé rẹ̀, àwọn ọ̀tá sì ń sọ pé ọ̀kẹ́rẹ́ náà ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n fi awọ rẹ̀ kọ́ ẹnu ọ̀nà títí kòkòrò fi jẹ ẹ́ tán, ilé náà sì ń jẹ́ ilé Ọdẹ́yalé títí di òní olónìí. Ọmọ Àjàní ni Bùsàrí, ẹni àkọ́kọ́ tó gbé rédíò wọ ìlú Igbó-Ọ̀wàwà, rédíò onígi tó tóbi tó àpótí aṣọ, tí wọ́n ń fi aṣọ funfun bò lórí bí ìyàwó tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí bọ́tìnnì rẹ̀ àfi òun Bùsàrí nìkan, òun náà yóò sì ti ṣe àlùwàlá kó tó fọwọ́ kàn án. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọdẹ tó dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ rédíò yìí ni Ọlọ́run Ọba, aṣèyí-ó-wù-ú, ti mú Sùnmọ́nù jáde, ọkùnrin gíga, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, a-tẹ-bọ́tìnnì-kí-òkè-òkun-ta-jí, a-ṣílẹ̀kùn-ohùn-nílé-kí-wọ́n-gbọ́-ní-Jàpáànù.

Ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń fọhùn sí òkè òkun ni akọni wa ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí ìjọba kọ́ sí ẹ̀yìn Igbó-Ọ̀wàwà ní ìgbà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣì ní ohun púpọ̀ láti sọ fún aráyé. Òpó irin méjìlá ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, èyí tó kúrú jù nínú wọn ga ju ilé gogoro mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n sì ta wáyà láàárín wọn bí ìgbà tí aláǹtakùn òmìrán bá fẹ́ mú òṣùpá. Ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń ju ohùn sókè ni wọ́n kó wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ilé oníyàrá méjì, gbọ̀ngàn wọn sì mọ́ tónítóní débi pé gbogbo òṣìṣẹ́ ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé, nítorí àwọn òyìnbó tó to ẹ̀rọ náà ní eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Òyìnbó ti lọ, eruku ti wọlé, ó sì ti di onílé, ṣùgbọ́n àṣà bàtà bíbọ́ kò yẹ̀ rárá. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ni wọ́n ń wọ̀ wọlé, ìbọ̀sẹ̀ pupa ni wọ́n ń wọ̀ jáde. Nínú ọgọ́ta òṣìṣẹ́, méje ló kù. Nínú òpó méjìlá, márùn-ún ló ní wáyà lọ́rùn. Nínú ẹ̀rọ mẹ́rin, ọ̀kan ló ń mí, Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń tú ara àwọn mẹ́ta yòókù fún un bí ẹni ń bọ́ aláìsàn.

Sùnmọ́nù ni olùtọ́jú Ìyá Àgbà. Òun ló ń jí i, òun ló ń mú un sùn. Òfin kan sì wà tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi lélẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà: kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ìṣẹ́jú kan gbọdọ̀ wà tí wọn yóò ṣí makirofóònù inú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, tí wọn yóò fi àwo orin fèrè kan síwájú rẹ̀, kí àwọn tó ń wá ilé-iṣẹ́ náà kiri lórí rédíò wọn lókè òkun lè dá a mọ̀ láàárín ariwo ayé. Àwo fèrè náà fọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n kọ̀wé béèrè òmíràn. Ìwé náà wà lórí tábìlì ẹnì kan ní Àbújá, ó ń sinmi. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Lójoojúmọ́ ni Sùnmọ́nù ń ṣí makirofóònù fún ìṣẹ́jú kan gbáko, láìsí fèrè, láìsí ọ̀rọ̀, tó ń fi iná tó lè tan gbogbo ìlú rẹ̀ rán ìdákẹ́jẹ́ wa sí gbogbo àgbáyé.

Ìyàwó rẹ̀ Ráfátù, aránṣọ, kò gbọ́ ilé-iṣẹ́ yìí rí, nítorí irú rédíò tó lè gbé ohùn bẹ́ẹ̀ ti tán ní ìlú. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, a bi í láì gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ta ló tún gbọ́ yín lónìí?"

"Aráyé ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Aráyé ò sì kí wa."

Ọ̀rọ̀ Ráfátù yìí gẹ́lẹ́ ni Àbújá wá kọ sínú ìwé, ti Àbújá kàn ní òǹtẹ̀ ni. Wọ́n ní ọ̀gá olùyẹ̀wò ń bọ̀ láàárín oṣù kan. Wọ́n ní bí kò bá rí ẹ̀rí, ẹ̀rí ti oṣù yìí, kì í ṣe ti ayé àtijọ́, pé ẹnì kan wà lókè òkun tó ṣì ń gbọ́ ilé-iṣẹ́ náà, wọn yóò ti géètì, wọn yóò sì wó àwọn òpó lulẹ̀ fún àwọn tó ń yọ́ irin. Sùnmọ́nù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó ti lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà. Ó mọ ìgbà tí ooru ń mú un, ó mọ ìgbà tí inú ń bí i. Ó rí i lójú inú bí wọ́n ṣe ń fi òòlù fọ́ ọ. Kí Ọlọ́run má fi ọjọ́ bẹ́ẹ̀ hàn wá.

Ọ̀gá ibẹ̀, Ẹnjiníà Ìbídàpọ̀ Ọlátẹ́jú, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáámù, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé. Obìnrin kúkurú ni, a máa rìn bí ẹni tí iṣẹ́ ń lé. Ó pinnu pé olùyẹ̀wò kò ní rí àbùkù kan níbẹ̀. Ó dúró ti sípíkà gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń rán jáde.

"Bàbá Sùnmọ́nù, kí ló ń dún yẹn?"

"Ibo ló ti ń dún, mà?"

"Ẹ tẹ́tí."

Sùnmọ́nù tẹ́tí, ó tẹ ọrùn sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì. "Kò sí nǹkan tó ń dún, mà. Ìrẹ̀ ni."

"Ìrẹ̀? Lórí afẹ́fẹ́?"

"Ó ti pẹ́ níbẹ̀, mà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́."

Màdáámù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n mú kòkòrò náà kúrò kí olùyẹ̀wò tó dé, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì.

Báyìí ni ogun ṣe dé. Ẹ má fojú kéré ọ̀tá tí Sùnmọ́nù dojú kọ, torí òun náà ọmọ ilé ńlá ni. Yàrá kékeré náà kò ní fèrèsé. Fóòmù dúdú ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ kí ohùn má baà ta padà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ìrẹ̀ tó bá wọbẹ̀ kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ń mọ́ láyé; alẹ́ ni lójú rẹ̀ títí ayé, alẹ́ tútù, alẹ́ ìfẹ́, ó sì gbọdọ̀ máa kọrin. Ogún ọdún ni ìdílé yìí ti jọba lẹ́yìn fóòmù náà, baba fà á lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ fà á lé ọmọ ọmọ, àrẹ̀mọ tó wà lórí oyè lákòókò yìí, ẹ̀yọ kan ṣoṣo tó kù nínú ìran náà, kò sì tóbi ju kóró àgbàdo méjì lọ.

Ní ọjọ́ kìíní, Sùnmọ́nù fi ìgbálẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì gbógun wọlé, ó gbá gbogbo igun, ó yí tábìlì padà, ó bá gèlè kan tí akéde kan gbàgbé síbẹ̀ ní ayé ológun, ṣùgbọ́n ọ̀tá kò fojú hàn. Ní ọjọ́ kejì, ó fọ́n oògùn apakòkòrò bí ìgbà tí èéfín bá bo ojú ogun mọ́lẹ̀. Sùnmọ́nù wúkọ́, akọ̀wé wúkọ́, Màdáámù wúkọ́ láti ọ́fíìsì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn ẹyẹ orí òpó pàápàá kó ẹrù. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí agogo mẹ́ta lù, tí wọ́n ṣí makirofóònù, ìrẹ̀ ní, "Kíríì, kíríì, kíríì," ó sinmi bí ẹni tó ń dá èémí, ó ní, "Kí."

Ní ọjọ́ kẹta ni ẹ̀jẹ̀ Àjàní sọ jí nínú ara akọni wa. Ó kírun, ó bọ́ bàtà, ó pa iná, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú òkùnkùn bí ẹni tí ọba kan jókòó síwájú rẹ̀, ó sì gbé fìlà Jímọ̀ rẹ̀ dání, fìlà tó ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn lémọ́ọ̀mù mẹ́fà. Wákàtí kan kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, ó jí, ó tún kú. Ìrẹ̀ jáde wá sí ìdí òpó makirofóònù, ó nu ẹsẹ̀, ó tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, ó fẹ́ kọrin. Fìlà sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí àwọ̀sánmà bá wó lu ìlú kan. Nígbà tí Sùnmọ́nù jáde sí gbọ̀ngàn pẹ̀lú irùngbọ̀n tó kún fún eruku, tó gbé fìlà náà sókè, gbogbo òṣìṣẹ́ mẹ́fà yòókù pàtẹ́wọ́, Màdáámù sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò pa á. Ó rántí pé Ẹlẹ́dàá kan náà ló dá àwọn méjèèjì. Ó fi í sínú agolo mílíìkì, ó rìn lọ sí ìdí òpó kẹsàn-án, ó tú u sílẹ̀ nínú koríko, ó súre fún un, ó sì padà sílé bí ẹni tó kó ìlú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìṣẹ́gun yìí ni ìṣẹ́gun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa Ọ̀gbẹ́ni Délànà, akọ̀wé lẹ́tà. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọn kò ní ayọ̀ mìíràn ju kí wọ́n máa wá rédíò ọ̀nà jíjìn kiri lọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọn yóò kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì fi káàdì aláwòrán kan jẹ́rìí fún wọn pé òun gan-an ni wọ́n gbọ́. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló ń dé Igbó-Ọ̀wàwà lọ́sẹ̀, àwọn lẹ́tà náà sì ni Màdáámù fẹ́ tò síwájú olùyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìrẹ̀ ti lọ, lẹ́tà ò wá mọ́. Ẹyọ kan ló dé níkẹyìn, láti ọ̀dọ̀ baba arúgbó kan ní Fínlándì tó ń jẹ́ Páávò, Délànà sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní gbọ̀ngàn.

"Ó ní àwọn gbọ́ ilé-iṣẹ́ kan níbi tí tiwa máa ń wà. Ó ní ohùn rẹ̀ jọ tiwa, ṣùgbọ́n kò kọrin tí a máa ń kọ kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àwọn mọ̀ pé kì í ṣe àwa. Ó ní ṣé àlàáfíà la wà?"

"Orin wo?" ni Màdáámù bi í.

Délànà sáré kó àpótí lẹ́tà àtijọ́ jáde, nítorí ogún ọdún ni ó fi ń dáhùn lẹ́tà láì ka kọjá orúkọ àti àdírẹ́sì: orúkọ, àdírẹ́sì, káàdì, ó tán. Ìsinsìnyí ló wá kà á. Obìnrin kan ní Jàpáànù kọ̀wé nípa "ẹyẹ kékeré yín." Ọkùnrin kan ní Súídìn ní òun kò rí irú ohun èlò orin olókùn bẹ́ẹ̀ rí. Olùkọ́ orin kan ní Jámánì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pátá, kíríì mẹ́ta, ìsinmi, kí.

Màdáámù gbé lẹ́tà Páávò sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Délànà," ni Màdáámù wí, "ẹ kọ̀wé sí i pé àwa ni."

Délànà fi fóònù rẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì Páávò fèsì: ó bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, ṣùgbọ́n òun kò lè jẹ́rìí sí ohun tí òun kò gbọ́.

Ó ku ọ̀la kí olùyẹ̀wò dé. Màdáámù yíjú sí Sùnmọ́nù, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Bàbá, níbo lẹ jù ú sí?"

Ẹ̀yin ará, ẹ wo akọni bó ṣe ń tún ogun tó ti ṣẹ́ lọ jà. Ó kírun Màgàríbì nídìí òpó kẹsàn-án, ó bẹ Ọlọ́run, ó sì dorí kọ koríko, níbi tí ẹgbẹ̀rún ìrẹ̀ ti ń ké bí ọjà Ọbádá. Ẹlòmíràn ì bá mú èyí tó bá rí. Sùnmọ́nù kò jẹ́. Etí tó ní kò sí nǹkan tó ń dún, etí yẹn ló ti gbọ́ orin kan ṣoṣo lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, ó sì mọ̀ ọ́n bí ó ti mọ bí Ráfátù ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sétí: èyí ń yára jù. Ó mú òmíràn: èyí ń ké bí ẹni tí kò kàwé. Ó mú ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹwàá, kantíkantí gé e jẹ, ẹ̀gún ya sòkòtò rẹ̀, Délànà sì ń gbé tọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e.

"Bàbá Sùnmọ́nù, ìrẹ̀ ṣáà ni ìrẹ̀."

"Ìwọ ṣáà lo ka lẹ́tà fún ogún ọdún. Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́."

Nígbà náà ni ó dún, lábẹ́ òkúta kan, ohùn kékeré, ohùn ọmọ ilé: kíríì, kíríì, kíríì; ó dá èémí; kí. Ojú Sùnmọ́nù rọ. Fìlà tún sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbé e padà sí yàrá kékeré náà lóru ọjọ́ yẹn.

Olùyẹ̀wò dé ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Bámigbàlà, aláṣọ kóòtù, kò sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì lu níwájú, ìyẹn kò ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n gbé fáìlì fún un, ó tì í sẹ́yìn.

"Mi ò wá ka ìwé. Ẹ fi ẹni tó ń gbọ́ yín hàn mí."

Màdáámù pe Páávò lórí fóònù. Baba náà jókòó ti rédíò rẹ̀ ní Fínlándì. Olùyẹ̀wò ní òun kò fẹ́ ẹ̀tàn, inú yàrá kékeré náà lòun yóò dúró sí. Gbogbo wọn há mọ́bẹ̀, iná sì ń tàn yòò. Sùnmọ́nù ṣí makirofóònù. Ìdákẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ogún. Ọgbọ̀n. Màdáámù di ojú. Ogójì. Níbẹ̀ ni Sùnmọ́nù rí i kedere: iná ni. Lójú ìrẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́. Ó na ọwọ́ gígùn náà, ọwọ́ ọmọ Bùsàrí, ó sì pa iná fún gbogbo wọn.

"Ta ló pa iná?" ni olùyẹ̀wò bú jáde nínú òkùnkùn, ọ̀rọ̀ náà sì wọ makirofóònù lọ tààrà, ó gba Ìyá Àgbà, ó gun òpó, ó rékọjá aṣálẹ̀ àti òkun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn kékeré kan bẹ̀rẹ̀: kíríì, kíríì, kíríì. Ó dá èémí. Kí.

Nínú fóònù, baba arúgbó kan ní Fínlándì ń sunkún.

"Ó ní àwa ni," ni Délànà sọ, òun náà ń fa imú. "Ó ní ẹ kú àtijọ́. Ó sì ń béèrè ta ni olórin tuntun tó ṣáájú."

Kò sẹ́ni tó rí ojú olùyẹ̀wò nínú òkùnkùn náà. Nígbà tó jáde, ó gba báírò, ó kọ ọ́ sára fáìlì pé kí géètì wà ní ṣíṣí.

Nírọ̀lẹ́, Ráfátù kò gbójú sókè. "Ta ló tún gbọ́ yín lónìí?"

"Páávò ni. Ní Fínlándì. Ó ní ká kí ọ."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ráfátù wò ó, ó wo sòkòtò rẹ̀ tó ya, ó sì na ọwọ́. "Bọ́ ọ, jẹ́ kí n rán an."

Nítorí náà, kí gbogbo ayé gbọ́, láti Igbó-Ọ̀wàwà títí dé ibi tí yìnyín kì í ti í yọ́, bí Màdáámù ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú òǹtẹ̀: Sùnmọ́nù Àkànó, ọmọ Ọdẹ́yalé, a-mú-u-lẹ́ẹ̀mejì, ni Olórí Olùtọ́jú Ohùn Ilé-Iṣẹ́ yìí láti òní lọ, oògùn apakòkòrò di èèwọ̀ níbẹ̀, ìrẹ̀ kò ní í bọ́ bàtà, ẹnikẹ́ni tó bá sì tan iná ní yàrá kékeré náà nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan kí agogo mẹ́ta lù, ìbáà ṣe mínísítà, yóò dá Sùnmọ́nù lóhùn.